Fífi nóòdù tuntun sínú linked list: tèmi há, ẹ bá mi wò ó

Dámilọ́lá_Ọ̀ṣogbo · Ọjọ́ Ajé, 8:14 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú sí i, láti àná ni mo ti wà lórí ẹ̀.

Màmá mi ni akápò ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù kan ládùúgbò wa. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ ètò tí yóò máa to owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń san bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ lé ọjọ́. Ìlà kan fún owó kan: ọjọ́, nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, iye. Akọ̀wé wọn àtijọ́ ti tẹ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì, ìlà 50,000 ló wà níbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà létòlétò tán, àfi pé àwọn kan máa ń san tiwọn sí báńkì, tí wọn ò ní mú tẹ́là wá títí oṣù á fi parí. Bẹ́ẹ̀ ni owó oṣù kẹta ṣe ń há sáàárín ti oṣù kẹrin.

C, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mò ń kọ́, linked list la sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí (nóòdù, bí àpótí kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní pọ́ńtà, ìyẹn àdírẹ́sì, tó ń wo èyí tó tẹ̀ lé e), ni mo bá ní òun ni màá lò. Ọjọ́, mo kọ ọ́ bíi nọ́ńbà kan ṣoṣo, bíi 20190314, kó lè rọrùn láti fi wéra. Fọ́ńṣọ̀n, ìyẹn apá ètò, tó ń fi owó tuntun sí àyè rẹ̀ rèé (ori ni nóòdù àkọ́kọ́, tele ni pọ́ńtà sí èyí tó kàn, NULL ni pé kò sí èyí tó kàn mọ́):

```
void fi_si(struct Nodu *ori, struct Nodu *tuntun)
{
    struct Nodu *p = ori;
    while (p->tele != NULL && p->tele->ojo < tuntun->ojo)
        p = p->tele;
    p->tele = tuntun;
    tuntun->tele = p->tele;
}
```

Ó gba ìlà àkọ́kọ́, ó gba èkejì. Tó bá ti di ẹ̀kẹta, ó há nìyẹn. Fáànù á máa kùn, kò ní sọ nǹkan kan, àfi tí mo bá pa á. Ibo ni mo ti ṣì í?

Ẹ̀gbọ́n_Mushin · 8:31 àárọ̀

Wo ìlà méjì tó kẹ́yìn, àbúrò mi. Ibẹ̀ ló ti ń jò.

O ti kọ́kọ́ sọ p->tele di tuntun. Lẹ́yìn náà lo wá ní kí tuntun->tele di ohun tó wà nínú p->tele. Kí ló wà níbẹ̀ báyìí? Tuntun fúnra rẹ̀ ni! Ó wá di pé tuntun di ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, lúùpù rẹ (while yẹn) ń rìn láti ọ̀dọ̀ èkejì lọ sọ́dọ̀ èkejì, kò lè bá NULL pàdé láéláé.

Ṣé o máa ń rí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tí tíṣà bá ń kó wọn sọdá títì? Ẹnì kọ̀ọ̀kan di ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mú. Bí ọmọ kan bá fẹ́ wọ àárín, òun ló máa kọ́kọ́ di ọwọ́ ẹni tó máa wà lẹ́yìn ẹ̀ mú ná, kí ẹni iwájú tó fi ọwọ́ yẹn sílẹ̀. Bí ẹni iwájú bá ṣáájú jọ̀wọ́ ẹ̀, gbogbo ọmọ tó kù lẹ́yìn dúró sáàárín títì nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n wà mọ́.

```
tuntun->tele = p->tele;
p->tele = tuntun;
```

Ìlà méjì náà ni. Yí wọn sípò, kó o tún un dán wò.

Ìyá_Ìbejì_Abẹ́òkúta · 9:02 àárọ̀

Òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n Mushin sọ, ṣùgbọ́n wàhálà méjì ṣì kù níbẹ̀, wọ́n á yọjú lọ́la tí kò bá jẹ́ lónìí.

Àkọ́kọ́: Dámilọ́lá, p->tele ni lúùpù rẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọjọ́. Kò fìgbà kan wo ọjọ́ tó wà nínú nóòdù ori fúnra rẹ̀. Bí owó tí ọjọ́ rẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn bá dé, ipò kejì ló máa gbé e sí. Kódà bó bá mọ̀ pé iwájú ló yẹ kó wà, kò lè gbé e síbẹ̀, torí ẹ̀dà ori lo fún fọ́ńṣọ̀n náà. Ohun tó bá ṣe fún ẹ̀dà yẹn kò kan ori tó wà nílé.

Èkejì: bí kò bá tíì sí ẹnikẹ́ni nínú list, NULL ni ori. O ní kó wo NULL->tele. Ó máa dákú síbẹ̀ ni.

Ohun tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ mi ni kí wọ́n fi adelé sórí oyè. Nóòdù kan tí kò ní owó kankan nínú, tó kàn jókòó síwájú títí ayé. A kì í yọ ọ́, a kì í tẹ̀ ẹ́ jáde.

```
struct Nodu adele;
adele.tele = NULL;
```

&adele, ìyẹn àdírẹ́sì adelé, ni kó o máa fún fi_si. Bí list bá ṣófo, adelé wà níbẹ̀. Bí owó bá fẹ́ wà níwájú gbogbo owó, ẹ̀yìn adelé ló máa wà. Gbogbo fífi sí wá di fífi sáàárín, o ò nílò "if" kankan. Fọ́ńṣọ̀n rẹ ò ní yí padà rárá lẹ́yìn àtúnṣe ti Ẹ̀gbọ́n Mushin. Nígbà tó o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, bẹ̀rẹ̀ láti adele.tele.

Kúnlé_Manchester · 9:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ṣùgbọ́n èmi ò ní lo adelé. Ẹ̀rọ kéékèèké ni mò ń kọ kóòdù fún, níbi tí a ti ń ka báìtì bí ẹni ń ka owó, nóòdù tí kò ṣiṣẹ́ kankan sì máa ń dùn mí. Pọ́ńtà tó ń wo pọ́ńtà ni mo máa ń lò:

```
void fi_si(struct Nodu **ibi, struct Nodu *tuntun)
{
    while (*ibi && (*ibi)->ojo < tuntun->ojo)
        ibi = &(*ibi)->tele;
    tuntun->tele = *ibi;
    *ibi = tuntun;
}
```

A ó pè é báyìí: fi_si(&ori, tuntun). Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ń sọdá títì. Nínú kóòdù Dámilọ́lá, p dúró ti ọmọ kan. Nínú tèmi, ọwọ́ ni ibi dúró tì, kò dúró ti ọmọ. Ọwọ́ tíṣà tó di ọmọ àkọ́kọ́ mú, ọwọ́ ọmọ kẹwàá tó di ti kọkànlá mú, ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iwájú kò fi yàtọ̀ sí àárín.

Linus Torvalds, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà), fi irú kóòdù yìí han àwọn èèyàn lórí ìtàgé TED lọ́dún 2016. Yíyọ nóòdù kúrò ni tirẹ̀ dá lé, àmọ́ ọgbọ́n kan náà ni: "if" tó yẹ kó dá iwájú yà sọ́tọ̀ á kàn pòórá.

Ìyá_Ìbejì_Abẹ́òkúta · 10:11 àárọ̀

Kúnlé, kóòdù tìrẹ rẹwà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní C, mo sì mọ ibi tí ìràwọ̀ méjì yẹn ti máa ń gbé wọn ṣubú. Wọ́n á kọ ibi = tuntun níbi tó yẹ kí wọ́n kọ *ibi = tuntun. Compiler, tó ń sọ kóòdù di ètò, á pariwo, wọn ò ní kà á. List á wà bó ṣe wà, owó tuntun ò sì ní sí níbì kankan. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó fi -Wall, tó ń béèrè ìkìlọ̀ sí i, sí gcc (compiler C kan), kó sì máa ka ohun tó bá sọ.

Nǹkan míì tí gbogbo wa gbójú fò: àmì "<" yẹn. Bí ènìyàn méjì bá san owó lọ́jọ́ kan náà, ẹni tó san gbẹ̀yìn ló máa wà níwájú. Ẹni mẹ́wàá lọ́jọ́ kan, ẹ̀yìn-sí-iwájú ni gbogbo wọn máa jáde. Ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù tó ń pàdé lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ọ̀pọ̀ owó ló máa ní ọjọ́ kan náà! Dámilọ́lá, "<=" ni kó o kọ, kí wọ́n lè wà bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé.

Dámilọ́lá_Ọ̀ṣogbo · 1:20 ọ̀sán

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, Olúwa á máa ràn yín lọ́wọ́. Adelé ni mo lò, mo yí ìlà méjì yẹn padà, mo sì kọ "<=". Mo fi ìlà 20 dán an wò, gbogbo rẹ̀ tò bó ṣe yẹ. Mo fi 1,000 dán an wò, kí n tó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì ó ti parí.

Mo wá fún un ní gbogbo 50,000. Ìṣẹ́jú àáyá 19 ló gbà. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ibì kan náà ló ń já sí. Ṣebí wọ́n ní fífi nǹkan sínú linked list yá ju ti array, tó ń to nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú mẹ́mọ́rì, lọ? Ìlà náà fi ìlọ́po 50 pọ̀ sí i péré, kí ló dé tó fi pẹ́ tó báyìí?

Ṣọlá_Java · 1:33 ọ̀sán

Fífi sínú linked list, O(1) ni (bí list bá gùn, kì í pẹ́ sí i), gbogbo ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó dà bíi pé ẹ̀rọ rẹ ló ti gbó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lo èdè Java, LinkedList wà níbẹ̀, wàá kàn sọ nọ́ńbà ipò tó o fẹ́ fún add ni, á fi síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bàbá_Fẹ̀yìntì_Ìlọrin · 2:15 ọ̀sán

Ṣọlá ọmọ mi, kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà.

Iṣẹ́ méjì ló wà nínú fífi nǹkan sínú list. Ọ̀kan ni rírìn dé ibi tó yẹ. Ìkejì ni síso ọwọ́ pọ̀ nígbà tá a bá débẹ̀. Síso ọwọ́ pọ̀ ni ìwé ń pè ní O(1): pọ́ńtà méjì la máa yí, ì báà jẹ́ owó mẹ́wàá tàbí mílíọ̀nù kan ló wà níbẹ̀. Rírìn ni kì í ṣe O(1). LinkedList ti Java náà ń rìn. Bí ipò tó o sọ bá wà ní ìdajì àkọ́kọ́, iwájú ni yóò ti rìn wá. Bó bá wà ní ìdajì kejì, ẹ̀yìn ni. O ò kàn rí i bó ṣe ń rìn ni.

Ká wá ka ìṣísẹ̀ Dámilọ́lá. Bí gbogbo ìlà bá wà létòlétò, ìlà kejì á kọjá owó kan, ìkẹta á kọjá méjì, títí dé èyí tó kẹ́yìn tí yóò kọjá 49,999. Ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 50,000 lọ́nà 49,999, pín in sí méjì, ó jẹ́ 1,249,975,000. Fún ìlà 1,000, ìṣísẹ̀ 499,500 péré ni. Ìlà fi ìlọ́po 50 pọ̀ sí i, ìrìn fi ìlọ́po 2,500 pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ ọmọ náà ò gbó. Iṣẹ́ tá a gbé fún un ló pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo ìrìn yẹn, òfo ni, nítorí ìdí, ìyẹn òpin list, ni ọ̀pọ̀ owó yẹn ń lọ! Tó o bá dé ọsibítù láàárọ̀, tí èrò jókòó lọ bẹẹrẹ, ṣé ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ lo máa lọ, kó o máa bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan? Ẹnu ọ̀nà lo máa dúró sí, wàá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kẹ́yìn?" Ẹnì kan á nawọ́, wàá jókòó tì í, ó tán. Pọ́ńtà tó ń rántí ẹni tó kẹ́yìn lo nílò.

Ti àwọn tí tẹ́là wọn pẹ́ ńkọ́? Wọ́n kì í jìnnà sí ìdí. Owó oṣù kẹta tó dé ní oṣù kẹrin, ìrìn díẹ̀ sẹ́yìn ni yóò rìn. Torí náà, jẹ́ kí nóòdù kọ̀ọ̀kan mọ ẹni tó ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú, kó o wá máa wá àyè láti ìdí. Adelé tí Ìyá Ìbejì fi jẹ oyè dára gan-an, èmi á kàn jẹ́ kó so iwájú àti ìdí pọ̀ bí òrùka ni. Bí list bá ṣófo, adelé ló ṣáájú ara rẹ̀, òun náà ló tẹ̀ lé ara rẹ̀.

```
adele.tele = adele.saaju = &adele;

p = adele.saaju;
while (p != &adele && p->ojo > tuntun->ojo)
    p = p->saaju;
tuntun->saaju = p;
tuntun->tele = p->tele;
p->tele->saaju = tuntun;
p->tele = tuntun;
```

Ìlà mẹ́rin ìsàlẹ̀ yẹn, má ṣe dà wọ́n rú. Ti tuntun ni kó o kọ́kọ́ ṣe, méjèèjì, kó o tó fọwọ́ kan ti àwọn tó ti wà níbẹ̀. p->tele ló sì gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Owó ọjọ́ kan náà á wà bó ṣe dé, torí ">" ló dá ìrìn dúró. Kò sí NULL níbì kankan. Òrùka bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò nínú Linux fúnra rẹ̀, nínú fáìlì tó ń jẹ́ list.h.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí ó máa ń wú mi lórí. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe linked list, Allen Newell, Cliff Shaw àti Herbert Simon, ní RAND, ilé iṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1955 sí 1956, ètò tí yóò máa ronú bí ènìyàn ni wọ́n ń kọ. Wọn ò lè mọ̀ ṣáájú bí ìrònú kan á ṣe gùn tó, torí náà wọn ò lè gé àyè mẹ́mọ́rì kalẹ̀ dè é. Ohun tí list wà fún gan-an nìyẹn: ohun tí a ò mọ bó ṣe máa gùn tó.

Ṣọlá_Java · 2:29 ọ̀sán

Mo ti gbọ́, sà, ẹ ṣeun. Dámilọ́lá, má bínú sí ohun tí mo sọ nípa ẹ̀rọ rẹ.

Mo tún ní ìbéèrè kan. Ṣé pọ́ńtà ẹ̀yìn yẹn pọn dandan? Mo mọ ọgbọ́n kan: bí o bá fẹ́ fi owó sí iwájú nóòdù kan, fi nóòdù tuntun sí ẹ̀yìn rẹ̀, kó o wá ṣe pàṣípààrọ̀ ohun tó wà nínú méjèèjì. Àyè pọ́ńtà kan nínú nóòdù kọ̀ọ̀kan á ṣẹ́kù.

Àrẹ̀mú_Ìbàdàn · 3:05 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí a fi ń wá ọgbọ́n sí linked list? Ìlà 50,000 tó ti wà nínú fáìlì tẹ́lẹ̀, array ni kó kó gbogbo rẹ̀ sí, kó fi qsort, fọ́ńṣọ̀n tí C fi ń to nǹkan, tò ó lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Nǹkan bíi ìfiwéra 800,000 ni, ẹ wo ti òkè yẹn tó lé ní bílíọ̀nù.

Àti pé ẹ ò sọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì. Bí ènìyàn bá fẹ́ se ọbẹ̀, tí ata wà ní Bódìjà, ẹran wà ní Ọjà Ọba, epo wà ní Ọjọ́ọ̀, ọkọ̀ wíwọ̀ ló máa gba gbogbo ọjọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni nóòdù tí malloc, tó ń gba àyè mẹ́mọ́rì fún ètò, fọ́n káàkiri ṣe ń rí lójú ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ ìgbàlódé bá lọ sínú mẹ́mọ́rì, báìtì 64 ló sábà máa ń bù wá lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ báìtì 4, nọ́ńbà báìtì 4, iye báìtì 8, gbogbo rẹ̀ 16. Nínú array, owó mẹ́rin ló máa bá ìrìn kan wá. Nínú list, ó lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo.

Ìyá_Ìbejì_Abẹ́òkúta · 3:18 ọ̀sán

Àrẹ̀mú, mo gbà pẹ̀lú rẹ nípa mẹ́mọ́rì. Ṣùgbọ́n qsort ti C kò ṣèlérí pé àwọn tí ọjọ́ wọn bá dọ́gba máa dúró bí wọ́n ṣe wà. Owó ọjọ́ ìpàdé kan lè dàrú láàárín ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó fi nọ́ńbà ìlà sínú owó kọ̀ọ̀kan, kó máa fi ìyẹn wéra bí ọjọ́ bá dọ́gba.

Dámilọ́lá_Ọ̀ṣogbo · 3:47 ọ̀sán

Ẹ má bínú, ó yẹ kí n ti sọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní tábìlì mìíràn, ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan níbẹ̀, ìlà yẹn sì ní pọ́ńtà tó ń wo nóòdù owó tó san gbẹ̀yìn. Òun ni màmá mi máa ń kọ́kọ́ béèrè: "Ìgbà wo ni lágbájá san kẹ́yìn?" Lọ́jọ́ ìpàdé, owó tuntun á sì máa wọlé sí i. Ṣé ìyẹn yí ọ̀rọ̀ padà?

Kúnlé_Manchester · 4:20 ìrọ̀lẹ́

Ó yí i padà gan-an o!

Ṣọlá, ọgbọ́n pàṣípààrọ̀ rẹ ti kú nìyẹn. Ká ní pọ́ńtà nínú tábìlì ń wo nóòdù ìyá aláṣọ kan. O ṣe pàṣípààrọ̀ ohun tó wà nínú nóòdù náà pẹ̀lú ti tuntun. Pọ́ńtà ṣì ń wo ibi tó ń wò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n owó ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀ báyìí. Akápò á dá ìyá aláṣọ lóhùn pé ó san ohun tí kò san. Bí a bá ti ní ẹnikẹ́ni níta tó ń wo nóòdù, nóòdù kò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ohun inú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mú, array náà nìyẹn. Bí ó bá kún lọ́jọ́ ìpàdé tí realloc, tó ń fẹ àyè náà, gbé e lọ síbòmíràn, gbogbo pọ́ńtà inú tábìlì á máa wo ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀. Ó lè fi nọ́ńbà ipò rọ́pò pọ́ńtà, àmọ́ bí owó kan bá wọ àárín, gbogbo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sún. Ibi tí list ti wúlò jù nìyẹn: nóòdù kì í ṣí nípò.

Àmọ́ ohun tí ẹ sọ nípa ọjà mẹ́ta yẹn, ẹ jẹ́ ká lò ó. Dámilọ́lá, má pe malloc nígbà 50,000. Gba àwo ńlá kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó o máa bu nóòdù láti inú rẹ̀ ní ẹsẹ̀ẹsẹ̀:

```
struct Nodu *awo = malloc(50000 * sizeof *awo);
tuntun = &awo[iye_ti_a_ti_lo++];
```

Wo bóyá malloc fún ọ lóhun tó o béèrè o, kó o tó lò ó. Bí àwo bá kún, gba àwo kejì, má fi realloc fa àkọ́kọ́ gùn. Níwọ̀n bí fáìlì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà létòlétò, àwọn owó tó tẹ̀ lé ara wọn nínú list á máa tẹ̀ lé ara wọn nínú mẹ́mọ́rì pẹ̀lú. O tún máa jèrè àyè. Pẹ̀lú pọ́ńtà méjì, nóòdù rẹ jẹ́ báìtì 32 lórí ẹ̀rọ 64 bit. Lórí Linux, malloc máa ń gba 48 fún un, torí ó ní ìwé tirẹ̀ tó ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Báìtì 16 lọ́nà 50,000, ó jẹ́ 800,000 báìtì.

Àrẹ̀mú_Ìbàdàn · 4:41 ìrọ̀lẹ́

Mi ò mọ̀ pé tábìlì wà níbẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, list náà ni, pẹ̀lú àwo Kúnlé. Mo fara mọ́ ọn.

Tóbi_Houston · 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Bí ọjọ́ àwọn owó yẹn bá dàrú pátápátá ńkọ́? Wíwá láti ìdí ò ní ràn án lọ́wọ́ nígbà náà. Skip list tí William Pugh gbé jáde ní 1990 ni mo máa lò: list ni, àmọ́ àwọn nóòdù kan ní ọwọ́ gígùn tó ń fo ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn kọjá.

Bàbá_Fẹ̀yìntì_Ìlọrin · 5:52 ìrọ̀lẹ́

Òótọ́ ni, Tóbi, bó bá dàrú pátápátá, skip list tàbí igi (tree, níbi tí nóòdù ti ń ya ẹ̀ka) ló kàn. Ṣùgbọ́n ti ọmọ yìí ò dàrú. Kó kọ́kọ́ ka ìṣísẹ̀ ná. Dámilọ́lá, fi nọ́ńbà kan sínú lúùpù yẹn tí yóò máa pọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tí p bá rìn, kó o tẹ ti ìlà kọ̀ọ̀kan jáde.

Dámilọ́lá_Ọ̀ṣogbo · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan mọ́! Gbogbo 50,000! Mo pe àbúrò mi wá wò ó. Mo rìn ín láti iwájú dé ìdí, mo sì rìn ín láti ìdí dé iwájú, àpapọ̀ owó dọ́gba.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò yé mi. Mo ka ìṣísẹ̀ bí Bàbá ṣe ní kí n ṣe é. Láti ìbẹ̀rẹ̀, òdo, òdo, òdo ni, àfi níbi tí tẹ́là bá ti pẹ́. Àmọ́ láti ìlà 7,907 títí dé òpin, kò sí òdo kankan mọ́. Ó kéré tán, gbogbo ìlà ń rìn ìṣísẹ̀ kan. Ìlà 42,094, ọ̀kọ̀ọ̀kan! Ṣé mo so ọwọ́ ibì kan pọ̀ lódì ni?

Ìyá_Ìbejì_Abẹ́òkúta · 7:22 àárọ̀

Àpapọ̀ dọ́gba láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, o ò so nǹkan kan lódì. Ẹnì kan ló jókòó sídìí tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, tí gbogbo ẹni tó ń bọ̀ sì ní láti kọjá rẹ̀. Wo ìlà 7,906.

Dámilọ́lá_Ọ̀ṣogbo · 7:40 àárọ̀

Háà! 21090314. Akọ̀wé tẹ 2109 síbi tó yẹ kó tẹ 2019. Ọdún 2109 ni owó yẹn wà, kò sì sí owó kankan tó lè kọjá rẹ̀ lẹ́yìn.

Bàbá_Fẹ̀yìntì_Ìlọrin · 8:03 àárọ̀

O ṣé é, ọmọ mi. Kí ètò rẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ kí ó tó pe fi_si. Èyí tó bá kọjá òní, kó kọ ọ́ sí fáìlì ọ̀tọ̀, kó sì sọ nọ́ńbà ìlà rẹ̀ fún akápò.

Dámilọ́lá_Ọ̀ṣogbo · 6:48 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ṣe é, sà. Ìlà mẹ́ta ló bọ́ sínú fáìlì ọ̀tọ̀ yẹn. Màmá mi wá ìwé àtijọ́ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tẹ́là àkọ́kọ́ ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n fi pín-ìn-nì mọ́ ojú ewé. Ọjọ́ 14 oṣù kẹta, 2019. Mo ti tún un kọ, owó náà sì ti jókòó sí ẹ̀yìn ti ọjọ́ 13. Méjì tó kù, wọ́n ṣì ń wá ewé wọn.